Níbo Lẹ Gbé Iná Sí?

Ọjọ́ kẹta tí ìyá mi dé Beltsville, ní Maryland, ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè náà. Ìparí oṣù kọkànlá ni, igi ti wọ́wé tán, wọ́n sì wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, wọ́n tún fi ìborùn dì í. Wọ́n ti fọwọ́ kan ògiri pálọ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga. Wọ́n ti wọ kíṣìnnì lọ wo sítóòfù bóyá a gbàgbé láti pa á. Nígbà tó yá, wọ́n jókòó, wọ́n ní:

"Ilé yìí ń móoru, n ò rí èéfín, n ò rí eérú. Níbo lẹ gbé iná sí?"

"Ó wà lábẹ́ ilé, mà."

"Lábẹ́ ilé? Ẹ sì ń sùn lókè rẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ ọ́ níbi ìkómọ kan ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tí kò ní tirẹ̀ láti sọ. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ní Laurel ti da omi sí ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà wọ yàrá, wọ́n rò pé nǹkan ń jó nísàlẹ̀. Bàbá ìyàwó ẹnìkejì, ní Bowie, gbé àga wọn lé orí ihò náà gan-an, wọ́n fi ìbora bo ara wọn àti ihò pọ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ìkòkò àgbo sí níwájú kí ó lè làágùn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sòótọ́, àwa náà béèrè ìbéèrè yẹn nígbà tí a kọ́kọ́ dé. A kàn béèrè rẹ̀ sínú ni.

Àwa tí mo ń wí ni àwọn tí a bí láàárín ìparí ogun abẹ́lé sí ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé bí òjò. A wọ ilé-ìwé gírámà lásìkò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ UPN gbé dé ní 1979, a jáde ní yunifásítì bá ètò ọrọ̀ ajé SAP lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, àwa la kọ orúkọ gbogbo ẹbí sínú bébà tí a fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa já sí Prince George's County, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ dé ní í fa ẹni tó tẹ̀ lé e. A sùn sí yàrá abẹ́ ilé àwọn ẹ̀gbọ́n wa, a ṣiṣẹ́ òru, a tọ́jú àwọn arúgbó ẹlẹ́ni, a kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, a ra ilé. Inú ilé yẹn la ti bá fọ́nẹ́ẹ̀sì pàdé, tí gbogbo wa ń pè ní hítà.

Kí a tó fojú rí i, a ti mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ìléru ni Bíbélì Yorùbá pè é. Ní Sọ́ńdè Sùkúùlù tiwa, páálí ni ìléru, aṣọ pupa ni iná, ọmọ mẹ́ta tó bá kéré jù ni wọ́n sì máa ń jù sínú rẹ̀ lọ́jọ́ eré ìdúpẹ́ ìkórè. Mo ti ṣe Àbẹ́dínígò rí. Ọmọ tó ṣe Nebukadinésárì ló tì mí, mo sì fi orúnkún balẹ̀ gbì, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń lọ sílé-kéwú náà gbọ́ ti iná tiwọn. Nígbà tí a fi máa tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìléru kò ní ìtumọ̀ mìíràn létí wa ju ibi tí wọ́n ń ju ènìyàn sí. Ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa tó fẹ́ràn àwàdà máa ń ní "ilé eérú" ni wọ́n ń wí tẹ́lẹ̀, pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀, eérú ni yóò jáde. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ibi iṣẹ́ ni, ibi iṣẹ́ náà sì rèé lójúde wa.

Ilé àgbẹ̀dẹ àdúgbò wa kò ju òrùlé páànù lórí òpó mẹ́fà lọ. Bí ọkọ́ bàbá wa bá ti jẹ dé ọrùn, àwa ọmọ ni wọ́n máa ń rán lọ. Bàbá alágbẹ̀dẹ kì í gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọmọ kí wọ́n sì jẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá ni yóò jókòó ti ẹwìrì. Àpò awọ ewúrẹ́ méjì ni, igi gígùn kọ̀ọ̀kan lórí wọn, ẹnu wọn wọ inú ihò amọ̀ kan ṣoṣo tó kọjú sí eédú. O ó gbé ti ọ̀tún sókè, o ó tẹ ti òsì mọ́lẹ̀. Fìì, fùù. Fìì, fùù. Níbẹ̀rẹ̀ á dùn bí eré. Tó bá tó ìṣẹ́jú márùn-ún, apá á máa bẹ̀bẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, eédú á ṣú lójú kan náà, bàbá ò sì ní bá ọ wí. Wọ́n á kàn fi ẹ̀mú kan ọmọ owú lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, o ti mọ̀. Irin á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ, á pọ́n bí epo, ìgbà tó bá wá dà bí pupa ẹyin ni wọ́n máa ń yọ ọ́. Iná á ta pàrà sí wa lẹ́sẹ̀, a ò ní sá, nítorí ẹni tó bá sá, wọ́n á fi ṣẹ̀sín títí dé ilé-ìwé.

Lẹ́yìn ilé àgbẹ̀dẹ náà, òkìtì kan wà tí a máa ń gùn ṣeré. Òkúta rẹ̀ dúdú, ó kún fún ihò, apá kan rẹ̀ ń dán bí ìgò tó yọ́. Ìdàrọ́ ni. Ìdàrọ́ là ń jù mọ́ alángbá, ìdàrọ́ la fi ń ṣe góòlù fún bọ́ọ̀lù. Mo ti di bàbá ọmọ méjì kó tó yé mi pé ìdàrọ́ tó ga tó ènìyàn kò lè ti inú ọkọ́ títúnṣe jáde. Àwọn kan ti sun irin níbẹ̀ rí, láti inú òkúta.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ohun tí ó fojú ara rẹ̀ rí nílé ìsunrin kan nítòsí Ọ̀yọ́ jáde ní 1904, nígbà tí iná náà ṣì ń jó. Ní 1977, Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé D. A. A. Adéníjì lórí irin wíwà àti sísun nílẹ̀ Yorùbá, lẹ́nu àwọn tó ṣì rántí. Ìléru amọ̀ ni, eédú nínú rẹ̀, òkúta irin láàárín eédú. Ooru inú rẹ̀ á tó nǹkan bí 1,200 ní ìwọ̀n Celsius, èyí tí kò tó láti sọ irin di omi. Ẹ̀gbin inú òkúta ló máa ń yọ́ ní tirẹ̀, tó ń ṣàn jáde. Irin á kù sílẹ̀ ní ìdì kan tó rí ṣákaṣàka bí kànrìnkàn, àwọn alágbẹ̀dẹ á sì máa lù ú títí ìdàrọ́ tó kù nínú rẹ̀ yóò fi tán. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn mìíràn lo iná tó gbóná bẹ́ẹ̀ fún nǹkan mìíràn: Igbó Olókun ni wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì fún ìlẹ̀kẹ̀, tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ìwádìí Abídèmí Babalọlá sì ti fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ ló pò ó fúnra wọn, wọn ò rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Irin òyìnbó dé, ó pọ̀, kò wọ́n, ìléru amọ̀ sì kú. Ọkọ́ tí mo jókòó ti ẹwìrì nítorí rẹ̀, ara sípíríǹgì lọ́rì Bẹ́dífọ́ọ̀dù ni bàbá alágbẹ̀dẹ ti gé e. Ibi tí iná náà kù sí ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń da ìkòkò, irú àwọn ará Ṣakí, tí wọ́n ń yọ́ páànù àti àfọ́kù ẹ̀rọ mọ́tò. Ìkòkò àmàlà tó wà ní kíṣìnnì mi ní Beltsville, inú irú iná bẹ́ẹ̀ ló ti jáde. Abẹ́ àpò gàrí ló fi wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ìjọba fi ìléru mìíràn mú wa lọ́kàn le. Àwa la kọ "Àjàòkúta" sínú ìwé ìdánwò. Olùkọ́ á ní, "Níbo ni ilé iṣẹ́ irin ńlá Nàìjíríà wà?" gbogbo kíláàsì á gbé e sókè bí orin. Ìjọba Ṣàgàrí fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1980, àwọn ará Soviet Union ló ń bá wa kọ́ ọ, ìléru rẹ̀ ni yóò máa yọ́ irin lọ́sàn-án lóru. Àbúrò bàbá mi kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nítorí ìléru yẹn. Ìléru ọ̀hún dúró síbẹ̀ títí dòní, ó ga, ó tutù, kò tíì yọ irin kan ṣoṣo. Òṣogbo tó sún mọ́ wa ní ilé iṣẹ́ irin tirẹ̀, ṣùgbọ́n nínà irin ni tiwọn, kì í ṣe yíyọ́. Irin tí ilé iṣẹ́ irin Aládjà bá yọ́ ni wọ́n ń retí, ìgbà tí Aládjà dákẹ́, àwọn náà dákẹ́. Bàbá bàbá wa ní ìléru amọ̀ tó ṣiṣẹ́, àwa ní ìléru irin tí kò ṣiṣẹ́. Àbúrò bàbá mi ta pààtì mọ́tò ní Ìbàdàn títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Nítorí náà, nígbà tí a dé Maryland, a ò bá fọ́nẹ́ẹ̀sì ṣe eré. Owó gáàsì kọ́ wa lọ́gbọ́n. Kò sí ilé wa kan tí bàbá ilé kò ti yan ara rẹ̀ ní ọlọ́pàá tẹmósítáàtì. Àwọn ọmọ tí a bí síbí á wọ ṣòkòtò péńpé nínú oṣù kìíní, wọ́n á ní òtútù ń mú àwọn, àwa á sì pariwo láti yàrá, "Wọ súwẹ́tà!" Èdè Yorùbá tí ọmọ mi ọkùnrin gbọ́ jù lọ nìyẹn, lẹ́yìn "wá jẹun." Ní oṣù kejì 2010, nígbà tí yìnyín bò wá dé orúnkún tí iná mànàmáná lọ, a wà nínú ilé tí gáàsì kún páìpù rẹ̀, òtútù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ìgbà yẹn la mọ̀ pé hítà gáàsì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná mànàmáná, nítorí iná ló ń yí fáànù rẹ̀. Ìyàwó mi ní, "NEPA tẹ̀ lé wa dé ibí." A di ara wa mọ́ ìbora mẹ́fà, ó kù díẹ̀ kí n fọ́ àga dáná.

Beltsville kò lókìkí níta fún nǹkan púpọ̀. Oko ìwádìí tí ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ ọ̀gbìn ní níbẹ̀ láti 1910 ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Èmi ti ń wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ Muirkirk lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, kò sígbà kan tí mo bi ara mi pé kí ni Muirkirk. Ọmọbìnrin mi ló fà mí dé ìdí rẹ̀. Ó wà lọ́jọ́ orí tí àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn dáínósọ̀ ju òbí lọ, a sì lọ sí Dinosaur Park tí county ṣí ní 2009, kò jìnnà sílé wa rárá. Òun ń fi ojú wá eyín nínú amọ̀. Èmi ń wo àwọn òkúta pupa-ra-dúdú tó wà káàkiri. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọ̀kan. Ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí orí mi tó mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ń mú wa káàkiri ní kì í ṣe egungun ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi kọ́kọ́ gbẹ́ ibẹ̀. Irin ni. Andrew àti Elias Ellicott ló kọ́ ìléru sí tòsí ibẹ̀ ní 1847, wọ́n sì fi orúkọ ìlú kan ní Scotland sọ ọ́, Muirkirk. Àwọn ènìyàn dúdú, ẹrú kí òmìnira tó dé ní 1864, òṣìṣẹ́ olówó lẹ́yìn rẹ̀, wà lára àwọn tó ń wa òkúta irin ní àgbègbè náà, àwọn ni ṣọ́bìrì wọn sì ń kan egungun tí wọn kò mọ̀. Nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ni eyín ẹranko tí wọ́n sọ ní Astrodon ní 1859 ti jáde. Ìpínlẹ̀ Maryland fi ṣe dáínósọ̀ tirẹ̀ ní 1998. Ọmọ mi mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni ìléru, mo sì rí i pé èmi náà ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un ju ti páálí àti aṣọ pupa lọ.

Mo lọ kà nípa rẹ̀. Láti òkè ni wọ́n ti ń da òkúta irin àti eédú igi sí i. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Níbẹ̀ irin máa ń di omi, yàtọ̀ sí tiwa, nítorí bí irin bá ti fa èròjà eédú mu tó, kò nílò ooru tó pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láti yọ́. Wọ́n á ṣí ẹnu ìléru, irin á ṣàn wọ yàrà tí wọ́n gbẹ́ sínú iyanrìn, yàrà ńlá kan láàárín, kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òyìnbó ní ó jọ ẹlẹ́dẹ̀ tó dùbúlẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe irin náà ní irin ẹlẹ́dẹ̀ títí dòní. Iná Muirkirk jó títí di nǹkan bí 1920.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kò kú síbẹ̀. Ní 1868 wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀ṣì, Queen's Chapel. Ní àwọn ọdún 1880, àwọn ìdílé mélòó kan ra ilẹ̀ nítòsí ìléru, wọ́n kọ́lé, ibẹ̀ di Rossville, orúkọ Ross tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀. Ní 1889, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ọmọkùnrin àti Ọmọbìnrin Ábúráhámù kọ́ gbọ̀ngàn onípákó alájà méjì, Abraham Hall, tó ṣì wà ní ojú ọ̀nà Old Muirkirk Road. Wọ́n ń dá owó jọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣàìsàn, wọ́n á bá a gbọ́ bùkátà. Bó bá kú, wọ́n á sin ín. Èyí kò nílò àlàyé fún mi. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní àpò owó méjì gan-an: ti àìsàn àti ti gbígbé òkú relé. Mo ti jókòó sí ìpàdé, mo ti jiyàn lórí dọ́là mẹ́wàá nínú àpò kejì yẹn, ìwọ̀nba máìlì díẹ̀ sí ibi tí àwọn mìíràn ti jiyàn lórí sẹ́ńtì mẹ́wàá ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú eédú ní èékánná wọn. A ti jù wọ́n sínú ìléru lóòótọ́. Wọ́n sì tún lọ ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kìíní, nígbà tí ìyá mi ṣì wà lọ́dọ̀ wa, hítà kọṣẹ́. Aago mẹ́ta òru ni. Á tàn, á jó bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á kú. Mo pe ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń tún hítà ṣe, tí gbogbo wa mọ̀, ó sì dé kí ilẹ̀ tó mọ́, páálí kọfí kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn?"

Mo wúkọ́.

Ó yọ ìlẹ̀kùn irin iwájú rẹ̀ kúrò, ó sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Fáànù kékeré kan ló kọ́kọ́ yí, ó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà nǹkan pẹlẹbẹ kan pọ́n, bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ, bí epo, bí pupa ẹyin. Gáàsì ṣí. Iná mú láti ẹnu kan dé èkejì, pẹ̀ẹ́, aláwọ̀ aró. Ó fi ìka tọ́ka sí igi irin tín-ín-rín kan tó wọ inú iná náà. Èyí ló yẹ kó mọ̀ pé iná ti mú; bí kò bá mọ̀, gáàsì á tì, kí ó má baà kún ilé. Iná kú.

"Ẹ rí i? Iná wà o, ẹ̀gbọ́n. Òun ni ò mọ̀ pé iná wà."

Ó tú igi irin náà, ó fi sáńpépà fá a bí ẹni fá ìdọ̀tí lára abẹ́rẹ́. Ó ní kí n tún ra aago kábọ́ọ̀nù mọnókísáìdì tuntun, tiwa ti gbó. Pé bí irin tó ya iná sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́ ilé bá ya, tí páìpù èéfín sì dí, ohun tí kò ní òórùn ni yóò wọ yàrá. Kò nílò láti parí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo wa ti gbọ́ ti ìdílé tó tan jẹnẹrétọ̀ sun ní Èkó tí wọn ò jí. Mo rántí pé ìyá mi ti béèrè pé ṣé a ń sùn lókè iná ni, tí mo sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wà lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn wa. A ò mọ ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ìborùn lórí, wọ́n ń tẹ́tí.

"Ẹwìrì nìyẹn," ni wọ́n wí.

"Fáànù ni, mà," ni ọmọ Ìjẹ̀bú náà dá wọn lóhùn.

"Mo ní ẹwìrì ni. Ta ní ń fẹ́ ẹ?"

"Iná mànàmáná ni, mà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ ara rẹ̀."

"Kì í rẹ̀ ẹ́?"

Ọmọkùnrin náà wò mí. Ó wo hítà. "Ó máa ń rẹ̀ ẹ́, mà. Ọdún méjìdínlógún ló ti wà níbí."

Ó tún un tàn. Iná mú, a dúró, iná kò kú. Lẹ́yìn bí ìdajì ìṣẹ́jú, fáànù ńlá bẹ̀rẹ̀, ooru sì gba páìpù lọ sókè. Ìyá mi sọ̀ dé àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n wo inú rẹ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara irin rẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan èjìká ènìyàn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n kí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.